Ẹni Tọ́rọ̀ Ṣojú Rẹ̀ àti Ẹni Tó Lọ Wádìí: Ìwé Ìṣẹ̀lẹ̀ Gidi Wo Lẹ Fẹ́ Mú?

Bẹ́ ẹ bá ní kí àwọn tó fẹ́ràn ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ gidi sọ ìdí tí wọ́n fi yan èyí tí wọ́n yàn láàyò, ẹ tẹ́tí sí wọn dáadáa: wọn kì í pẹ́ lórí kókó ìwé náà rárá. Ẹni tí kò gun òkè rí, tí kò sì ní gun ún láé, á ní ìwé òkè Everest lòun gbádùn jù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì, àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tó para pọ̀ di ara wa, kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ á ní ìwé Henrietta Lacks pa òun lẹ́kún. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé ni wọ́n ń yìn: bó ṣe mọ ohun tó ń sọ, àti bó ṣe jẹ́ ká mọ ibi tí ìmọ̀ òun parí sí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní to àwọn ìwé tó wà níbí sábẹ́ ìtàn, sáyẹ́ǹsì àti ìrìn àjò. Oríṣi òǹkọ̀wé méjì ni mo fẹ́ fi wéra. Èkíní ni ẹni tọ́rọ̀ ṣojú rẹ̀ kòró. Ó lè sọ bí òtútù ṣe rí lára, ṣùgbọ́n ibi tó dúró sí nìkan ló ti rí i. Èkejì kò sí níbẹ̀, àmọ́ ó lọ bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè, ó ka lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ wọn, ó wá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ìyẹn ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tó bá kan ibi tí ẹnikẹ́ni kò rí, ó lè máa wù ú láti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí i. Èyí tó bá wù yín láti bá rìn nínú méjèèjì ló yẹ kó pinnu ìwé tẹ́ ẹ máa mú. Mo máa sọ èyí tí èmi yàn níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ lè bá mi jiyàn.

Ìjì kan, ìwé méjì

Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1996, ìjì yìnyín ká àwọn tó ń gun òkè Everest mọ́ òkè lọ́hùn-ún. Kó tó rọlẹ̀, èèyàn mẹ́jọ ti kú. Jon Krakauer, akọ̀ròyìn tí ìwé ìròyìn Outside rán lọ, wà nínú ẹgbẹ́ tí Rob Hall ń darí. Anatoli Boukreev jẹ́ afinimọ̀nà nínú ẹgbẹ́ kejì, ti Scott Fischer. Hall kò bọ̀, Fischer kò bọ̀. Krakauer àti Boukreev sọ̀ kalẹ̀ láàyè, ìwé àwọn méjèèjì sì jáde lọ́dún 1997. Into Thin Air ni ti Krakauer. The Climb ni ti Boukreev, G. Weston DeWalt ló bá a kọ ọ́.

Àwọn tó ka Into Thin Air máa ń sọ pé ilẹ̀ mọ́ bá àwọn lórí rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjì ló fà á, torí ìjì náà kì í tètè dé nínú ìwé ọ̀hún. Krakauer kọ́kọ́ mú wa mọ àwọn èèyàn náà ná. A mọ Doug Hansen, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tí Hall ti dá padà lọ́dún tó ṣáájú nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ṣóńṣó òkè. Nígbà tí Hansen wá ń wọ́ ẹsẹ̀ gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún 1996, tí àkókò tó yẹ kí gbogbo wọn yí padà ti kọjá, tí Hall sì dúró dè é, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí tí Hall kò fi lè ní kó máa lọ sílé lẹ́ẹ̀kejì. Hansen kú. Hall há sókè níbẹ̀, kò lè rìn. Wọ́n so rédíò ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tẹlifóònù kó lè bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní New Zealand, aboyún ni obìnrin náà nígbà yẹn, àwọn méjèèjì sì fẹnu kò lórí orúkọ tí wọ́n máa sọ ọmọ. Krakauer kò fi ìwàásù kankan kún un. Ó kọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ, ó sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Ìwé yìí kan náà ló fi àbùkù ẹni tọ́rọ̀ ṣojú rẹ̀ hàn jù lọ. Nígbà tí àwọn kan ṣìnà nínú ìjì, tí wọ́n ń táràrà nítòsí àgọ́ láìmọ ibi tí àgọ́ wà, Krakauer ti wà nínú àgọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Nínú àròkọ tó kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ìròyìn, ó ní òun rí Andy Harris, ọ̀kan lára àwọn afinimọ̀nà wọn, nítòsí àgọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó yá ló wá hàn pé ẹlòmíì ló rí, Harris kò sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ rárá. Níbi tó ga tó bẹ́ẹ̀, tí ọ́síjìn kò tó ọpọlọ lò, ojú èèyàn lè tan òun fúnra rẹ̀ jẹ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé náà láìfi bò, ó sì jẹ́ ká rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gún un lọ́kàn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwé náà ti gba ìgbàgbọ́ òǹkàwé.

Ibi tí ìjà wà ni ọ̀rọ̀ Boukreev. Krakauer dá a lẹ́bi pé kò lo ọ́síjìn inú agolo bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ló bá wá, pé ó sì sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú àwọn tó sanwó kó lè máa mójú tó wọn. Àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú The Climb, Boukreev ní ìdí tí òun fi tètè sọ̀ kalẹ̀ ni pé kí agbára lè kù lára òun láti padà gòkè bí ẹnikẹ́ni bá kó sínú wàhálà. Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn: lóru ọjọ́ náà, òun nìkan ló jáde sínú ìjì, tó ń wá àwọn tó sọ nù, ó sì mú èèyàn mẹ́ta bọ̀ láàyè. Krakauer náà kọ èyí, kò fi pa mọ́. Bí ìwà ìgboyà tó báyìí ṣe lè wà lára ẹni kan náà tí wọ́n ń dá lẹ́bi ni àwọn òǹkàwé ń bá ara wọn jà lé lórí títí dòní. Boukreev kò pẹ́ láyé tó fi lè bá ìjà náà dópin, yìnyín tó ya lulẹ̀ pa á lórí òkè Annapurna ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1997.

Ká sòótọ́, The Climb kò dùn ún kà bíi ti èkíní. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í ṣe òǹkọ̀wé ni, ẹlòmíì ló ń tò ó. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fẹ́, Into Thin Air ni, kẹ́ ẹ sì wá ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, torí Krakauer fi èsì rẹ̀ sí The Climb kún un. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti jókòó sí ipò adájọ́, ẹ ka méjèèjì tẹ̀ léra wọn.

Yìnyín mìíràn, tí gbogbo èèyàn sì yè

Àwọn kan ò lè fara da ikú tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún wọn, Endurance tí Alfred Lansing kọ lọ́dún 1959 ló yẹ. Yìnyín òkun Antarctica gbá Endurance, ọkọ̀ Ernest Shackleton, mú ní oṣù Kìíní ọdún 1915, ó ń fún un pọ̀ títí ó fi rì ní oṣù Kọkànlá. Àwọn 28 tó wà nínú rẹ̀ gbé orí yìnyín, wọ́n wọ ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n dé erékùṣù Elephant tí kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Shackleton àti àwọn márùn-ún tún fi ọkọ̀ kékeré kan la òkun tó lé ní kìlómítà 1,200 kọjá lọ wá ìrànlọ́wọ́ ní South Georgia. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 1916, wọ́n padà wá kó àwọn 22 tó ń dúró. Ẹnì kankan nínú àwọn 28 náà kò kú.

Wọn ò tíì bí Lansing nígbà yẹn. Ó wá àwọn tó ṣì wà láàyè lára wọn lọ, ó bi wọ́n léèrè, ó sì ka dáyárì tí wọ́n kọ lórí yìnyín. Shackleton fúnra rẹ̀ ti kọ ìwé tirẹ̀, South, lọ́dún 1919. Ẹ̀yin á rò pé ti ẹni tó wà níbẹ̀ ló máa dára jù, àbí? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni Shackleton, bí ọ̀gá ló sì ṣe kọ ọ́: ó ń bo àwọn èèyàn rẹ̀ láṣìírí, ìkùnsínú wọn kò sí níbẹ̀, ìbẹ̀rù tirẹ̀ kò sì hàn. Inú dáyárì àwọn ọmọ iṣẹ́ ni gbogbo ìyẹn pamọ́ sí, Lansing ló lọ tú u jáde.

| Ìwé | Ta ló ń sọ̀rọ̀? | Ẹ mú un bí ẹ bá fẹ́ | Ẹ máa fara da |
|---|---|---|---|
| Into Thin Air | akọ̀ròyìn tó wà níbẹ̀ | ìwé tí ẹ ò ní lè sùn lórí rẹ̀ | orúkọ tó pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ |
| The Climb | ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn | ẹnu ẹnì kejì | ọ̀rọ̀ tí kò já gaara |
| Endurance | ẹni tó lọ wádìí | ewu ńlá tí kò parí síkùú | ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ojú ọjọ́ |
| South | ọ̀gá wọn | àlékún, lẹ́yìn Endurance | ohun tó fi pa mọ́ |

Ìgbà tí ẹnì kan sọ ọ́, tí ẹlòmíì kọ ọ́

Ìwé kékeré méjì nípa oko ẹrú ní Amẹ́ríkà wà tó yẹ kí èèyàn gbé síwájú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Frederick Douglass sá kúrò lóko ẹrú lọ́dún 1838, ìwé rẹ̀, Narrative of the Life of Frederick Douglass, sì jáde lọ́dún 1845. Lójú òfin, ẹrú ni ó ṣì jẹ́ nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé ti ń kùn pé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó báyìí kò lè ti oko ẹrú wá. Ó dá wọn lóhùn: ó dárúkọ àwọn tó ni í, ó dárúkọ ibi tó gbé, ó dárúkọ ẹni tó na èèyàn àti ẹni tí wọ́n nà. Orúkọ wọ̀nyẹn ni ẹ̀rí rẹ̀, àwọn náà ló sì fi í sínú ewu. Ó ní láti kọjá sí Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má bàa wá gbé e, ibẹ̀ làwọn ọ̀rẹ́ sì ti dáwó jọ tí wọ́n fi ra òmìnira rẹ̀ lọ́dún 1846.

Ibi táwọn òǹkàwé máa ń padà sí jù nínú ìwé Douglass ni bó ṣe kọ́ ìwé kíkà. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ní Baltimore bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní A, B, D, ọkọ rẹ̀ sì ní kó jáwọ́, pé ẹrú tó bá mọ ìwé kò ní wúlò mọ́. Douglass gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ó ń mú búrẹ́dì dání bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, ó ń fi í fún àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tí ebi ń pa ní òpópónà, àwọn náà sì ń fi lẹ́tà san án padà.

Barracoon yàtọ̀ pátápátá. Oluale Kossola, tí Amẹ́ríkà ń pè ní Cudjo Lewis, wà lára àwọn tí ọkọ̀ Clotilda kó dé Mobile ní Alabama lọ́dún 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló dàgbà sí kí àwọn ọmọ ogun Dahomey tó kó ìlú wọn. Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé tó kọ ìwé náà, lọ bá a lẹ́yìn ọdún 1925, nígbà tó ti di arúgbó, tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn á ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà òun, Hurston á sì máa lọ. Lọ́jọ́ mìíràn á gbé èso písì wá fún un, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ á wá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Hurston fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ tó ní, àmọ́ ó bọ́ bàtà. Ó fẹ́ kí òun rí bí ẹni tó wà ní Áfíríkà nínú àwòrán náà, láàárín sàréè àwọn ará ilé rẹ̀ ló sì ti ní kí wọ́n ya òun.

Hurston kọ ọ̀rọ̀ Kossola bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ní kó tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Ìwé náà wà nínú àpótí títí ó fi kú lọ́dún 1960, ọdún 2018 ló tó di títẹ̀. Àríyànjiyàn kan wà o: àròkọ kan tí Hurston ti kọ ṣáájú nípa Kossola lọ́dún 1927 kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé mìíràn láì dárúkọ ẹni náà. Àwọn tó tẹ Barracoon kò fi í pa mọ́, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn ìwé.

Bí mo bá ní kí n yàn, Barracoon ni, ojúsàájú sì wà níbẹ̀, mo mọ̀. Ẹni tó ń wádìí ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu Kossola bá le fún yín lójú ìwé, ẹ kà á sókè, ó máa ń yé etí kó tó yé ojú. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tó já geere, tó ń jó bí iná, kó mú Douglass.

Ogun: ta ni ẹ fẹ́ kó bá yín sọ̀rọ̀?

Ìwé mẹ́ta ni wọ́n máa ń dárúkọ jù níbí, ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn wọn kò sì jọra.

Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ràn dáyárì Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó sá pa mọ́ fún àwọn Násì ní Amsterdam, ń rò pé bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ṣe ń ronú ló ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì tún un wò mọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ó gbọ́ lórí rédíò tí mínísítà kan nínú ìjọba Netherlands tó wà ní London sọ pé wọ́n máa kó dáyárì àti lẹ́tà àwọn ará ìlú jọ lẹ́yìn ogun. Látìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún dáyárì rẹ̀ kọ kó lè di ìwé: ó ń gé ibì kan, ó ń fi kún ibòmíì, ó ń pààrọ̀ orúkọ. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ló kọ èyí tó kẹ́yìn, ọjọ́ 4 ni wọ́n wá mú wọn. Nínú àwọn mẹ́jọ tó sá pa mọ́ síbẹ̀, bàbá rẹ̀ nìkan ló padà bọ̀, òun ló sì tẹ ìwé náà jáde lọ́dún 1947. Ẹ kà á bí iṣẹ́ òǹkọ̀wé tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹ máa rí i pé ó tún dùn sí i, pàápàá níbi tó ti ń bínú sí ìyá rẹ̀, tó tún padà wá bá ara rẹ̀ wí.

Viktor Frankl, dókítà ọpọlọ láti Vienna, fi ọjọ́ mẹ́sàn-án péré pe Man's Search for Meaning sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ọ́ lẹ́yìn tó jáde kúrò ní àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì. Ọdún 1946 ló jáde. Àwọn tó ń la ìṣòro kọjá ló fẹ́ràn rẹ̀ jù, torí ìbéèrè tó ń gbé lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fojú òun rí. Ohun tó ń wá ni ìdí tí ẹnì kan fi ń rí okun láti gbé ọjọ́ kejì. Apá kejì rẹ̀ dá lórí ọ̀nà ìtọ́jú tó dá sílẹ̀, ó sì gbẹ. Kò sóhun tó burú bí ẹ bá dúró níbi tí apá kìíní parí sí.

Hiroshima ni ti John Hersey. Ìwé ìròyìn The New Yorker fi gbogbo ẹ̀dà ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1946 tẹ̀ ẹ́, wọn ò fi àròkọ mìíràn kún un. Èèyàn mẹ́fà tó yè nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ lu ìlú Hiroshima ní Japan ló tẹ̀ lé, láti orí ohun tí kálukú ń ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an: akọ̀wé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí orí láti bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Hersey kò bínú lójú ìwé, kò sunkún, kò sọ pé ohun tó ń sọ burú. Àwọn kan ní òtútù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi ò gbà. Òǹkọ̀wé tó bá ń sunkún fún yín kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí àyè sun tiyín.

Ara tó ń ṣàìsàn

Lọ́dún 1951, dókítà ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore gé díẹ̀ lára jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó bímọ márùn-ún, láìsọ fún un. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọmọ ọdún 31 ni. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kú. Ó ń pọ̀ sí i lọ́sàn-án lóru nínú ìgò, wọ́n pè é ní HeLa, wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri ayé, òun ni wọ́n sì lò nígbà tí wọ́n ń dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ wò. Ọdún 1973 ni ẹbí rẹ̀ tó mọ̀.

Rebecca Skloot fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá wádìí kí The Immortal Life of Henrietta Lacks tó jáde lọ́dún 2010. Kò dá wà nínú ìwádìí náà, ó ń bá Deborah rìn, ọmọbìnrin Henrietta tó kéré jọjọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ibi tí gbogbo èèyàn máa ń rántí ni ìgbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan pe Deborah àti àbúrò rẹ̀ wá sí ibi ìwádìí rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀rọ amúǹkandì, ó fi ike kékeré kan lé Deborah lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì ìyá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó ti dì gbagidi. Deborah ní ara ìyá òun tutù. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á, ó ń fẹ́ èémí sí i kó lè móoru.

Àwọn kan ń ráhùn pé Skloot fi ara rẹ̀ sínú ìwé náà ju bó ti yẹ lọ. Lójú tèmi, kò sí bó ṣe lè yọ ara rẹ̀ kúrò. Ẹbí yìí ti rí oríṣiríṣi ẹni tó wá gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń fura sí i, tí wọ́n ń lé e, tí wọ́n tún ń pè é padà, wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀. Deborah kú lọ́dún 2009, kò fojú rí ìwé náà. Lọ́dún 2023, ẹbí Lacks àti ilé-iṣẹ́ Thermo Fisher yanjú ẹjọ́ tí wọ́n pè lórí sẹ́ẹ̀lì náà, nítorí náà ẹ̀dà ìwé tẹ́ ẹ bá rí lè má ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ When Breath Becomes Air. Paul Kalanithi ń kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ sópin nígbà tó gbọ́ lọ́dún 2013 pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti mú òun. Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ọmọ ọdún 37 ni, ìwé rẹ̀ kò sì parí. Lucy, ìyàwó rẹ̀ tí òun náà jẹ́ dókítà, ló kọ ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀. Nínú ìwé yìí, dókítà àti aláìsàn jẹ́ ẹnì kan náà, ẹ kò ní rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ olùwádìí kankan. Ó kúrú, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá wà nílé yín lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ mú ti Henrietta, èyí tí ìbínú àti ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

Sáyẹ́ǹsì, ní kúkúrú

A Brief History of Time ti Stephen Hawking (1988) tàbí A Short History of Nearly Everything ti Bill Bryson (2003)? Bryson. Hawking ni onímọ̀, ṣùgbọ́n Bryson kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó ń bi àwọn onímọ̀ ní ìbéèrè tí ojú máa ń ti àwa yòókù láti bi. Ẹ sáà mọ̀ pé ìwé Bryson ti dàgbà: ọdún 2006 ni wọ́n yọ Pluto kúrò lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, ìwé náà sì ti jáde kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Bákan náà ni Thinking, Fast and Slow ti Daniel Kahneman (2011), tí ọ̀pọ̀ ń yìn pé ó yí bí àwọn ṣe ń ronú padà. Ó ṣì tó kà. Àmọ́ orí kan wà níbẹ̀ tó dá lórí bí ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ṣe ń darí ìwà rẹ̀ láìmọ̀, Kahneman fúnra rẹ̀ sì gbà lọ́dún 2017 pé òun ti gbára lé ìwádìí tí iye èèyàn inú rẹ̀ kéré jù. Ẹ yára ré orí yẹn kọjá.

Ìgbà tí òǹkọ̀wé bá dí àlàfo

In Cold Blood ti Truman Capote (1966) ni ọ̀pọ̀ ń pè ní baba irú ìwé báyìí. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tí wọ́n pa ní Kansas ní oṣù Kọkànlá ọdún 1959 ló dá lé. Capote kì í kọ nǹkan sílẹ̀ bí ó bá ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, ó ní òun ń rántí. Ó tún ní gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà ló ṣẹlẹ̀. Ìwé náà parí sí itẹ́ òkú, níbi tí ọlọ́pàá tó ṣèwádìí ti pàdé ọ̀rẹ́ ọmọ tí wọ́n pa. Alvin Dewey, ọlọ́pàá náà, ní ìpàdé yẹn kò wáyé. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀rọ̀, kò sí àbùkù lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, mi ò ní fi í ṣe ìwé àkọ́kọ́.

Ẹ wá wo ohun tí Tara Westover ṣe nínú Educated (2018). Ọmọ tí kò wọ kíláàsì rí títí ó fi di ọdún 17, tó wá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge. Ohun tó ń sọ nípa ẹbí rẹ̀ le, òun nìkan sì ni ẹlẹ́rìí ibi tó pọ̀ nínú rẹ̀. Níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti rántí ìṣẹ̀lẹ̀ kan lọ́nà mìíràn, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé pé báyìí ni wọ́n ṣe rántí rẹ̀, pé ó sì lè jẹ́ àwọn ló tọ̀nà.

Bẹ́ ẹ bá dúró síwájú pẹpẹ ìwé

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé ná, ibi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ bó ṣe rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ olùwádìí, ṣé ó dárúkọ àwọn tó bi? Ṣé ó sọ ibi tí wọ́n ti ta kora? Bó bá jẹ́ ẹni tọ́rọ̀ ṣojú rẹ̀, ṣé ibì kan wà tó ti ní òun ò rántí dáadáa? Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo ọdún tí ẹ̀dà náà jáde, pàápàá tó bá jẹ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ẹjọ́ tí kò tíì parí.

Ẹni tí kò tíì ka irú ìwé yìí tán rí, Hiroshima tàbí ti Douglass ni kó fi bẹ̀rẹ̀, torí pé wọn kò gùn. Ẹni tó bá mọ́ lára láti máa ka ìtàn àròsọ, Into Thin Air kò ní ṣòro fún un. Long Walk to Freedom ti Nelson Mandela (1994) lé ní ojú ìwé 600. Ìdajì rẹ̀ tó kọ́kọ́ wá, títí dé ẹjọ́ Rivonia tí wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un, ló ń sáré jù, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé apá ọgbà ẹ̀wọ̀n fẹ́ fa yín sẹ́yìn, ẹ sinmi díẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó padà sí i. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ níkọ̀kọ̀, tí wọ́n ń ri bébà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọgbà.